Òkú Tí Kò Dé Yàrá Tútù

Ẹni tó bá ti jókòó rí nínú pálọ̀ ara ẹ̀, tó káwọ́ lérí, tó ń dáhùn "a ò ní rí irú ẹ̀ mọ́" fún òkú ẹni tí ìyá kankan ò bí, kó wá bá mi jókòó níbí, ká jọ máa tijú. Èmi ti ṣe é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kó mi sí i. Ìfẹ́ ló kó òun náà sí i, ìfẹ́ ìwé ni ti àkọ́kọ́, kí ti ọkùnrin tó dé.

Ìwélọkọ ni mo máa ń pè é. Nígbà tó kó wá sọ́dọ̀ mi nítorí iṣẹ́, tí mo bá bi í pé ìgbà wo ló máa mú ọkọ wálé, á ní, "Àǹtí, ìwé lọkọ mi, kì í sì í bá mi jà." Orúkọ náà bá mọ́ ọn lára. Aránṣọ ni mí, ẹ̀rọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀, nítorí náà kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé yẹn tí ojú mi ò tó. Òun ń ṣiṣẹ́ nílé awò ojú. Òun ló ń fi ẹ̀rọ gé dígí kó lè bá férémù mu, òun náà ló ń jókòó ti àwọn tó wá ń ka lẹ́tà ara ògiri, láti orí èyí tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ títí dórí èyí tó kéré bí èèrà.

Ibẹ̀ ni Rewáyà ti rí i. Iṣẹ́ iná ni ọkùnrin náà ń ṣe, gbogbo èèyàn ló ń pè é ní Rewáyà, títí kan ìyá tó bí i. Ìyá yìí ló mú wá gba awò, torí ojú wọn ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Ìwélọkọ gbé dígí kan síwájú ojú ìyá, ó yọ ọ́, ó gbé òmíràn síbẹ̀, ó ṣe é títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn ì bá ta èyí tó wọ́n jù fún wọn, kó ní ojú á là tó bá yá. Ọmọ yìí kúnlẹ̀ níwájú ìyá, ó di ọwọ́ wọn méjèèjì mú.

"Mà, kò sí dígí tó máa ràn yín lọ́wọ́ níbí. Ẹ̀yìn ẹyinjú ni àìsàn yẹn wà. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Ìyá nàka sórí tábìlì. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n fún mi ní èyí tó dúdú lójú yẹn. Ṣé ó bójú mi mu?"

"Ó bójú yín mu gan-an, mà."

Bí wọ́n ṣe ra awò tí kò wúlò fún nǹkan kan nìyẹn, tí wọ́n sì ń yan lọ bí ọmọge. Wọ́n ti ń jáde nígbà tí Ìwélọkọ rí ìwé tó yọrí láàárín pílíà àti wáyà nínú báàgì Rewáyà.

Ó fò dìde. "O ń ka Olùṣọ́ Afárá?"

"Mò ń kà á fún màámi ni," ni Rewáyà wí. Ojú tì í díẹ̀. "Apá kẹta la wà. Má sọ ohun tó kàn fún mi o, mo bẹ̀ ẹ́."

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìwé yìí, torí òun ló kó gbogbo wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Ìtàn àròsọ ni, apá mẹ́fà. Odò kan wà níbẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀, afárá kan wà lórí ẹ̀, ọkùnrin kan ń ṣọ́ afárá náà kí àwọn ẹ̀dá òkùnkùn má baà rékọjá sọ́dọ̀ ọmọ èèyàn. Òun ni wọ́n ń pè ní Olùṣọ́ Afárá. Arúgbó afọ́jú kan tún wà, Ìyá Àtùpà, tó jẹ́ pé òun tí ò ríran ló ń gbé iná fún àwọn tó ríran. Ẹ lè mọ ìdí tí ìyá Rewáyà fi fẹ́ràn arúgbó yẹn. Apá márùn-ún ti jáde nígbà yẹn, gbogbo àwọn tó ń kà á sì ń retí ìkẹfà, èyí tó máa kádìí ẹ̀.

Bí Rewáyà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé mi nìyẹn. Ó ní òun fẹ́ wo iná wa. Iná wa ò ṣe nǹkan kan o! Ó tú bọ́ọ̀bù tó ń tàn, ó dá a padà, ó tú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tó dáa, ó tún un dè. Láàárín gbogbo ẹ̀, àwọn méjèèjì á máa jiyàn nípa Olùṣọ́ Afárá bí ìgbà tí wọ́n ń jiyàn lórí ẹ̀gbọ́n wọn. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Rewáyà, ṣé iná ilé mi ò tíì san ni àbí ìwọ ni ara rẹ ò yá?" Ìwélọkọ sá wọ yàrá. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ ti mọ̀ tán."

Èmi náà ló fi ṣe alárinà. Èmi ló kọ́kọ́ bi Ìwélọkọ bóyá ó fẹ́. Ó ní, "Ó ní tí apá ìkẹyìn bá ti jáde, tí àwa méjèèjì bá kà á tán, òun á mú àwọn òbí òun wá kí yín."

"Kí ni ìwé wá ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó?"

"Ká lè fọkàn balẹ̀ ni, Àǹtí."

Bàbá Rewáyà ni ẹ̀rù ń bà wá. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, ní mọ́ṣúárì, àwọn ni wọ́n ń gba òkú wọlé, tí wọ́n ń dá a padà fún ẹbí. Ọ̀gá Yàrá Tútù ni àdúgbò ń pè wọ́n. Wọn kì í rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ bi ọmọ wọn nípa Ìwélọkọ ni pé, "Ṣé olóòótọ́ ni?" Ìyá ló dáhùn pé, "Ọmọ tó sọ fún mi pé ojú mi ò ní là, ẹ tún ń béèrè bóyá olóòótọ́ ni?"

Apá ìkẹfà jáde. Ìwélọkọ rà á ní ọjọ́ Sátidé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Rewáyà náà ra tiẹ̀, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́ kan lẹ́yìn ìlú. Títí di ìrọ̀lẹ́ Sunday, Ìwélọkọ ò jẹun tó ṣe é fojú rí. Ní àárọ̀ Monday, mò ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ igbe. Mo sáré wọlé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Ó wà nílẹ̀, ó gbá ìwé mọ́ àyà.

"Kí ló dé? Ta ló pè ọ́?"

"Ó kú, Àǹtí! Afárá já mọ́ ọn lábẹ́! Ó lè sá, kò sá!"

"Ta ni?"

"Olùṣọ́ Afárá! Ìyá Àtùpà náà..."

Mo pòṣé. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ pa mí! Dìde ńlẹ̀, kó o lọ wẹ̀." Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi. Ẹkún yẹn ò dá o. Ojú ẹ̀ wú débi pé òun alára ò lè ka lẹ́tà tó tóbi jù lára ògiri wọn. Nígbà tó yá ni ọ̀gá ẹ̀ pè é lórí fóònù pé kí ló dé tí kò wá síbi iṣẹ́. Mo gbọ́ bó ṣe ń fi imú sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ "sà," mo gbọ́ "ẹ jọ̀ọ́," lẹ́yìn náà mo gbọ́ "ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin." Ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi bí, òun náà sì nìyí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ta ni?"

Ó bo ojú. "Ó ní ta ló kú tí mò ń sunkún bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí láti sọ pé inú ìwé ni, Àǹtí. Àgbà ni mí. Mi ò mọ ìgbà tó yọ lẹ́nu mi."

"Lọ sọ òótọ́ fún un."

"Lọ́la. Tí mo bá débẹ̀ lọ́la."

Ọ̀la ò dúró dè wá. Ìyá Rewáyà lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an láti di ẹsẹ̀ awò wọn tó ń mì, wọ́n sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ Ìwélọkọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo gbójú sókè lójú fèrèsé, mo rí ogunlọ́gọ̀. Ọ̀gá ilé awò ló ṣíwájú, gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin àárín wọn ti ń nu ojú. Ìyá Rewáyà wà lẹ́yìn, Ọ̀gá Yàrá Tútù di apá wọn mú, Rewáyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ sì ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Àǹtí," ni ọ̀gá ilé awò wí. "Olúwa á tù yín nínú."

Ọlọ́run ló mọ̀, mo fẹ́ sọ òótọ́. Mo ti lanu. Mo yíjú sí Ìwélọkọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wò mí bí ẹran tí wọ́n ti dè mọ́lẹ̀. Mo pa ẹnu dé. Mo jókòó, mo káwọ́ lérí, mo ní, "Ẹ ṣé o. A ò ní rí irú ẹ̀ mọ́." Ojú ara mi tì mí débi pé omi bọ́ lójú mi lóòótọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin yẹn rí i, ó bá bú sẹ́kún. Ọ̀gá wọn ní ká dìde, ká dákẹ́ díẹ̀ nítorí olóògbé. A dìde. Èmi aránṣọ àgbàlagbà, mo dìde fún ẹni tí wọ́n fi yíǹkì kọ!

Ọ̀gá Yàrá Tútù nìkan ni ò dákẹ́ bí tiwa. "Ilé ìwòsàn wo ni wọ́n gbé e lọ?"

Mo ní, "Wọ́n... wọ́n ti sin ín, sà."

"Kíá bẹ́ẹ̀? Kí ló pa á?"

Ìwélọkọ ló dáhùn, ohùn ẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Afárá ló já, sà."

"Afárá wo?"

Ìyá Rewáyà ní, "Bàbá ẹ, ẹ jẹ́ kí ọmọ sinmi." Mo wo Rewáyà. Ó mọ̀ pé Ìwélọkọ ò ní ẹ̀gbọ́n, ó sì ti ka ìwé náà tán. Ilẹ̀ ló ń wò, kò sọ ohun kan.

Ìyẹn ló dun Ìwélọkọ jù. Nígbà tí Rewáyà padà wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n dúró lẹ́bàá géètì, mo sì ń gbọ́ wọn.

"Màá sọ òótọ́ fún àwọn òbí rẹ."

"Máà sọ ọ́. Ní ọmọ bàbá rẹ ni, pé òkèèrè ló ti kú. Mo bẹ̀ ẹ́, má dárúkọ ìwé yẹn níwájú màámi."

"Torí kí ni?"

Ó fọwọ́ ra orí. "Má kàn sọ ọ́ ni."

Ìwélọkọ wọlé wá bá mi, ó jókòó sórí àwọn aṣọ tí mo ti gé. "Àǹtí, mò ń dójú tì í. Kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé wèrè tó ń sunkún ìwé lòun fẹ́ fẹ́." Mi ò mọ ohun tí mo máa fi tù ú nínú. Èmi náà rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá Yàrá Tútù nìkan wá bá mi nídìí ẹ̀rọ. Wọn ò gba àga.

"Àǹtí, mo ti béèrè kiri. Mọ́ṣúárì kankan ò gba òkú bẹ́ẹ̀ wọlé. Afárá kankan ò sì já. Èmi ti bá òkú gbé débi pé mo mọ ilé tí òkú ti jáde, òkú ò jáde nílé yìí. Ọmọ tó lè fi ikú purọ́ kó má baà lọ síbi iṣẹ́, lọ́la ó lè ní èmi ni mo kú. Mi ò bínú sí yín o. Ṣùgbọ́n kò ní wọ ilé mi."

Wọ́n lọ. Mo pe Ìwélọkọ, mo sọ ọ́ fún un bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo rò pé á tún sunkún ni. Ó nu ojú ẹ̀, ó ní, "Òótọ́ ni wọ́n sọ, Àǹtí. Ẹ mú bàtà yín. Tó bá jẹ́ ìtìjú ni, ká lọ tì í tán."

Nígbà tá a débẹ̀, Ọ̀gá Yàrá Tútù wà nídìí rédíò, ìyá jókòó lójú fèrèsé, Rewáyà ń tún fáànù ṣe. Bó ṣe rí wa ló dìde. "Ìwọ, mo ní kó o má..."

Ìwélọkọ ti kúnlẹ̀. "Sà, mà, mi ò ní ẹ̀gbọ́n kankan. Irọ́ ni mo pa. Inú ìwé ni ẹni tí mò ń sunkún ẹ̀ ti kú."

"Inú kí ni?" ni bàbá wí.

"Inú ìwé ìtàn, sà. Ojú tì mí láti sọ ọ́, ìyẹn ni mo fi ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Olùṣọ́ Afárá ló kú."

Ìyá nà tọ̀ọ́ lórí àga. "Ta lo ní ó kú?"

"Olùṣọ́ Afárá, mà."

"Irọ́ mìíràn tún nìyẹn! Lánàá yìí ni ọmọ mi kà á fún mi. Olùṣọ́ Afárá ti fẹ̀yìntì, ó ń gbin tòmátò sẹ́yìn ilé, ó sì ti fẹ́ ìyàwó!"

Gbogbo wa yíjú sí Rewáyà. Ó ń wo bọ́ọ̀bù òkè àjà bíi pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Òógùn bo iwájú orí ẹ̀.

"Rewáyà," ni bàbá pè é.

"Màámi, ẹ má bínú. Mo dé ojú ibẹ̀, ohùn mi ò jáde. Ẹ ní kí ló wá ṣẹlẹ̀, ni mo bá... ni mo bá ń sọ ọ́ látorí mi."

"Tòmátò yẹn?"

"Èmi ni, mà."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mi ò jẹ́ rín in. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọmọkùnrin yìí ò tijú Ìwélọkọ rárá. Ìyá ẹ̀ ló ń fi irọ́ tọ́jú. Ìwélọkọ náà ń wò ó, mo rí i pé ó ti yé òun náà.

Ìyá yíjú síbi tí ohùn Ìwélọkọ ti wá. Wọ́n ní, "Ìyá Àtùpà ńkọ́?"

Rewáyà bẹ́ sí i kíá. "Ìyá Àtùpà wà, màámi! Ìyá Àtùpà ń bẹ dáadáa!"

"Ìwọ kọ́ ni mo bi."

Bàbá pa rédíò. Ojú wọn wà lára ọmọ tí wọ́n ní kò ní wọ ilé wọn. Ẹ wo èmi náà: èmi tí mo tẹ̀ lé e wá jẹ́wọ́ irọ́, èmi ni mò ń fojú bẹ̀ ẹ́ pé kó pa ẹyọ kan sí i. Ta ni kò ní purọ́ fún arúgbó tí ojú ẹ̀ ń ṣú? Ìwélọkọ fi orúnkún wọ́ títí ó fi dé ìdí àga ìyá. Ó di ọwọ́ wọn méjèèjì mú, bó ṣe dì wọ́n mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Ìyá Àtùpà náà ti lọ, mà. Àwọn ọmọdé fẹ́ kọjá, òkùnkùn sì ṣú. Ìyá Àtùpà dúró, wọ́n gbé iná dání títí ẹni ìkẹyìn fi kọjá. Wọn ò bẹ̀rù. Olùṣọ́ Afárá ò fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀, ìyẹn ni ò ṣe sá."

Ìyá ò pariwo. Ejìká wọn ló kàn ń mì. Ọ̀gá Yàrá Tútù dìde, wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n padà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lé wa ni.

"Lẹ́nu iṣẹ́ tí mo ṣe yẹn," ni wọ́n wí, "àwọn ẹbí á pé jọ síwájú ilẹ̀kùn mi, wọ́n á máa ti ara wọn. Ìwọ lọ sọ fún ìyá ẹ̀. Rárá, ìwọ ni. Wọ́n á ní ó ń sùn, wọ́n á ní wọ́n ṣì ń tọ́jú ẹ̀. Èmi àlejò ni wọ́n máa fi í sílẹ̀ fún. Mi ò rí ẹni tó kúnlẹ̀ sọ ọ́ báyìí rí." Wọ́n nu imú. "Ọmọ, ṣé o máa sọ fún àwọn tó wá kí ọ náà?"

"Gbogbo wọn, sà."

Ó sì sọ ọ́, lọ́jọ́ kejì, láàárín ṣọ́ọ̀bù, níwájú oníbàárà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ọ̀gá ẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí. Wọ́n ṣì máa ń bi í pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ńkọ́ di òní, ó sì ṣì máa ń sorí kọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sí pálọ̀ yẹn.

Bàbá nàka sí àwọn méjèèjì. "Ọ̀kan sin ẹni tí ò sí, èkejì ò jẹ́ kí òkú sinmi. Ọlọ́run nìkan ló mọ irú ọmọ tẹ́ ẹ máa bí."

Rewáyà àti Ìwélọkọ wo ara wọn. Kò tíì dá wọn lójú pé ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n gbọ́.

Ìyá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ìwé yẹn dà? Ẹ padà síbi tó ti ń ṣe tòmátò fún mi. Òótọ́ ni mo fẹ́ gbọ́ báyìí. Kì í ṣe ìwọ o, Rewáyà, lọ tún fáànù rẹ ṣe. Ọmọbìnrin yìí ló máa kà á." Ìwélọkọ gba ìwé, ó ń wá ojú ewé. Ìyá gbé ọwọ́ sókè. "Dúró ná. Ìyàwó, bá mi mú awò mi orí tábìlì yẹn."

"Màámi," ni Rewáyà wí, "awò yẹn ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí nǹkan kan."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ rí nǹkan? Mi ò fẹ́ kí bàbá ẹ rí ojú mi ni."

Ìwélọkọ ti dìde lọ mú un. Ó ti dé ìdí tábìlì, ó ti na ọwọ́, kó tó mọ orúkọ tí wọ́n pè é.